Ohùn Ehoro Lóru: Iṣẹ́ Amọ̀nà Tó Ń Pe Ẹranko Apẹranjẹ Jáde ní Texas

Ilẹ̀ gúúsù Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbẹ táútáú. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní mesquite àti ọrọ́ ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, oko màlúù ibẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ lè má tíì jáde níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, tí gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́, ẹni tó bá wà nítòsí lè ṣàdédé gbọ́ igbe ehoro tí ikú ti ká mọ́. Igbe ọ̀hún a lọ sókè, a já wálẹ̀, a dákẹ́ díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ehoro kankan níbẹ̀. Amọ̀nà ọdẹ kan ló fara pamọ́ sídìí igi, tó ki fèrè kékeré bọ ẹnu, tó ń ké bí ehoro. Àlejò tó sanwó fún un jókòó tì í, ìbọn rẹ̀ ti wà lórí òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí àwọn méjèèjì ń retí ni ojú méjì tí yóò tàn nínú òkùnkùn.

Ọdẹ yìí kì í ṣe ti ẹran ọbẹ̀. Àwọn ẹranko tí kò tóbi, tó jẹ́ pé ẹranko mìíràn ni wọ́n ń pa jẹ, ni wọ́n ń wá. Àwọn kan ń ṣe é nítorí pé ẹran ọ̀sìn wọn ń kú, àwọn kan nítorí awọ tó ṣeé tà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń san owó fún amọ̀nà, ọgbọ́n inú rẹ̀ ló fà wọ́n. Nínú ọdẹ tí gbogbo ayé mọ̀, ọdẹ ló ń tọ ẹran lẹ́yìn. Nínú èyí, ẹran ló ń tọ ọdẹ bọ̀, ó sì ń bọ̀ láti wá pa nǹkan jẹ. Gbogbo etí rẹ̀, imú rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ló là sílẹ̀ gan-an bó ṣe ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe fi lè jókòó láti alẹ́ dọjọ́ kejì kó má rí ìrù ẹranko kankan.

Coyote ni ọ̀gá nínú wọn. Ajá igbó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ ga, ó sì ṣe ṣóńṣó, ìrù rẹ̀ kún fún irun. Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kílò 9 sí 20. Ti apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tóbi ju ti Texas lọ. Nígbà kan rí, pápá àti aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun pa ìkookò run lọ́pọ̀ ibi, tí wọ́n sì gé igbó ńlá di oko, àyè ṣí sílẹ̀ fún coyote, ó sì tàn kálẹ̀. Lónìí, nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Hawaii nìkan ni kò dé. Ó wà ní ìgboro Chicago, ó wà ní Los Angeles. Kò sì sí ohun tí kì í jẹ: eku, ehoro, kòkòrò, òkú ẹran, èso ọrọ́, bàrà olómi tó wà lóko olóko, ọmọ àgbọ̀nrín, àti ọmọ àgùntàn tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ eléérú, tí kò ju kílò 3 sí 6 lọ, tó sì mọ igi gùn dáadáa, ohun tí ajá àti ìbátan ajá kì í sábà lè ṣe. Raccoon náà wà níbẹ̀, onílà dúdú lójú, ẹni tó ń tú ibi oúnjẹ adìyẹ. Bobcat sì wà, ológbò igbó abìrùkúkúrú tí ìwà rẹ̀ jọ ti ìjàkùmọ̀ ilẹ̀ wa púpọ̀. Àwọn àgbà tó ní ìjàkùmọ̀ kì í rìn lọ́sàn-án mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àṣálẹ́ wọ òru títí di ìdájí ni bobcat fẹ́ràn láti máa rìn, ó sì lè wá síbi igbe ehoro kó jókòó sẹ́yìn ewéko fún ìdajì wákàtí, kó máa wò, kó má mira.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá olóko lẹ́bi pé ó ń pa irú ẹranko báyìí, ó yẹ ká mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àárín Texas, ní orí ilẹ̀ olókè tí wọ́n ń pè ní Edwards Plateau, ni àgùntàn àti ewúrẹ́ Angora onírun ti pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1940, àgùntàn Texas lé ní mílíọ̀nù 10. Lónìí, wọn kò tó mílíọ̀nù kan. Owó irun àgùntàn tó já, aṣọ oníke tó gbòde, àti owó ìrànwọ́ ìjọba tó dópin ní àwọn ọdún 1990 ló fà èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bi olóko àgùntàn, coyote ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Coyote tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń dì mọ́ àgùntàn lọ́fun kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Ó lè pa ọmọ àgùntàn lóru òní, kó tún padà lóru ọ̀la, kò sì pọn dandan kó jẹ èyí tó pa.

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń wá oògùn sí i. Wọ́n dẹ tàkúté, wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú lé e, wọ́n fi májèlé sínú òkú ẹran. Májèlé ọ̀hún kò mọ ojú. Ó pa ajá olóko, ó pa idì, ó pa ohunkóhun tó bá fẹnu kàn án. Ní ọdún 1972, Ààrẹ Richard Nixon fòfin de lílo májèlé pa ẹranko apẹranjẹ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Àwọn olóko mìíràn gba ọ̀nà tó rọ̀ jù: wọ́n ń fi ajá funfun ńlá tó ń jẹ́ Great Pyrenees sáàárín agbo, tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kórìíra ohunkóhun tó bá jọ ajá, a sì máa lé e, a máa ta á nípàá. Àwọn yòókù ń ránṣẹ́ sí ọdẹ tó mọ bí a ṣe ń pè é.

Ọgbọ́n pípe ẹran fúnra rẹ̀ ti wà kí Texas tó jẹ́ Texas. Nínú igbó Áfíríkà náà, láti Côte d'Ivoire dé Cameroon, ọdẹ a máa fi ìka fún imú, a ké bí ẹtu tó wà nínú ìpọ́njú, ẹtu mìíràn a sì yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n fi ń mọ iye ẹtu tó wà nínú igbó kan láìpa ọ̀kankan. Ohun tí Texas ṣe ni pé ó sọ ọ́ di òwò. Ní àwọn ọdún 1950, ní ìlú kékeré Marble Falls, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Murry àti Winston Burnham, tí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ké bí ehoro lọ́dọ̀ bàbá wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ta fèrè ìpẹran. Lẹ́tà ni àwọn oníbàárà fi ń béèrè rẹ̀ láti ibi gbogbo. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Johnny Stewart ní ìlú Waco gba ohùn ẹranko gidi sínú ẹ̀rọ, ó sì ń tà á lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kó tó di pé kásẹ́ẹ̀tì dé.

Lónìí, ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju kòkò ọbẹ̀ kékeré lọ lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohùn. Iléeṣẹ́ FOXPRO ní Lewistown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Amọ̀nà a gbé e kalẹ̀ síbi tó jìnnà díẹ̀ sí ara rẹ̀, a sì fi rìmóòtù darí rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, kí ojú ẹranko tó ń bọ̀ lè wà lára ẹ̀rọ, kó má wà lára ènìyàn. Àwọn míì a so ìyẹ́ tàbí irun kan mọ́ ọn lórí, èyí tí bátìrì ń mú kó máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi ti ohun tó ń jàpàtì. Síbẹ̀, ẹni tó gbóná nínú iṣẹ́ yìí kì í fi fèrè ẹnu sílẹ̀ nílé. Ẹ̀rọ lè kọṣẹ́, bátìrì lè kú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kan náà tí gbogbo ayé ń lò ti sú àwọn coyote tó ti bọ́ lọ́wọ́ ìbọn rí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ńṣe ni wọ́n ń yí padà. Èèmí ènìyàn nínú fèrè kì í jọra lẹ́ẹ̀mejì.

Igbe ehoro nìkan kọ́ ló wà. Igbe ẹyẹ tí wọ́n dì mú dára fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ eléérú. Ní oṣù kìíní àti ìkejì, nígbà tí coyote ń wá ẹni tí yóò bá a gùn, híhu tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lò, torí pé akọ tó ní ìpínlẹ̀ kò ní fara mọ́ àjèjì tó wá ń hu lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohùn kan tún wà, ti ọmọ coyote tó ń sunkún. Bàbá àti ìyá a sáré wá láìbojú wẹ̀yìn. Ohùn yìí lágbára jù nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nínú ihò, ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ kí ọdẹ fi í sílẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé àwọn òbí yẹn gan-an ló ń pa àgùntàn olóko. Ẹni tó bá pa ìyá láti fi ṣeré ti fi ebi pa ọmọ mẹ́rin márùn-ún tí kò rí. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ibi tí amọ̀nà ti ń fi ara rẹ̀ hàn ni afẹ́fẹ́. Coyote kì í fi etí nìkan gba nǹkan gbọ́. Bó bá gbọ́ igbe, a yípo, a lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn lọ, kí imú rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí òórùn ènìyàn bá kàn án ní imú, ó ti tán nìyẹn. Nítorí náà, kí amọ̀nà tó jókòó, a fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sókè láti wo ibi tó ń fò lọ. A wá ibi tí apá ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ ti ṣí sílẹ̀, tí kò sí igbó tí ẹranko lè gbà yọ́ wọlé, a sì kọjú ìbọn àlejò rẹ̀ síbẹ̀.

Gbogbo ìṣípòpadà òru yẹn ló ní ètò. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn òkè kékeré. Kò sẹ́ni tó ń gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ tì. Wọ́n á fi ọwọ́ tì í jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi wọlé. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ dún nínú àpò, fóònù gbọ́dọ̀ wà ní pípa kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ba à kọ mànà lójú ẹni tó gbé ìbọn. Tí wọ́n bá jókòó tán, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀ rọ̀ ná. Igbe àkọ́kọ́ kì í ròkè, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè ti wà nínú igbó tó wà níwájú wọn yẹn. Igbe tó bá bú jáde lójijì á lé e sá ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí ni amọ̀nà ń fi iná pupa yí ilẹ̀ po, ṣùgbọ́n kì í na iná náà sílẹ̀ gbọọrọ. Òkè ni ó gbé e sí, kó lè jẹ́ pé etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò máa fẹ́ orí koríko. Ìyẹn ti tó láti mú ojú tàn. Bí ojú bá tàn, kò ní sọ̀rọ̀. Á fọwọ́ kan àlejò léjìká. Bí ẹranko náà bá ń sáré bọ̀, amọ̀nà á gbó lẹ́ẹ̀kan bí ajá, ẹranko á dúró láti wo ẹni tó gbó, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn sì ni àyè tí wọ́n ní láti fi mọ ohun tó jẹ́.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni wọ́n sábà ń lò níbì kan fún coyote, kí wọ́n tó ṣí lọ síbòmíràn. Fún bobcat, sùúrù rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú ẹranko òru ń tàn nítorí awọ kan tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kí ojú náà lè rí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lo lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn kò ní irú awọ bẹ́ẹ̀. Iná pupa sì níṣẹ́ tirẹ̀: oríṣi àwọ̀ tí ojú ajá àti ìbátan rẹ̀ ń rí kò tó ti ènìyàn, pupa kì í sì í hàn sí wọn dáadáa. Kì í ṣe pé wọn kò rí iná pupa rárá o. Bó bá pọ̀ jù, tó sì ń gbọ̀n, yóò lé wọn. Ọdẹ òru nílẹ̀ Yorùbá mọ apá kan nínú ọgbọ́n yìí láti ìgbà tí iná kábáìdì ti wà níwájú orí wọn, kó tó di pé tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì gba ipò rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé gíga tí ojú ga sílẹ̀, bí ó ṣe jìnnà síra, àti bí ó ṣe ń rìn, gbogbo rẹ̀ ló ní ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tún ti yí padà láti ìgbà tí awò tó ń rí ooru ti dé orí ìbọn ọdẹ. Iṣẹ́ ológun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ́n gan-an nígbà náà. Owó rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ amọ̀nà ní Texas ní ọ̀kan fún ara rẹ̀, òmíràn fún àlejò. Kò nílò iná kankan. Ara ẹranko tó gbóná ju ilẹ̀ lọ a yọ funfun nínú rẹ̀, ẹni tó gbé e sì lè rí ehoro tó ń jẹ koríko níbi tó jìnnà réré. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ooru nìkan ló ń fi hàn. Kò sí àwọ̀, kò sí tótòtó lára awọ, kò sí àmì tó wà lójú. Ajá olóko tó ń ṣọ́ agbo àti coyote tó wá jí ẹran agbo lè di ohun funfun kan náà bí wọ́n bá jìnnà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìpẹran jẹ́ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ amọ̀nà tó yẹ fún owó ni kó mọ ìgbà tí yóò sọ pé "má yìn ín."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní North Carolina fi hàn. Ìkookò pupa jẹ́ ẹranko tí wọ́n kéde ní ọdún 1980 pé kò sí nínú igbó mọ́ níbikíbi láyé. Ní ọdún 1987, ìjọba àpapọ̀ dá díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ń sìn padà sínú igbó Alligator River, ní etíkun ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì ń bí sí i títí wọ́n fi tó nǹkan bí 100. Ìkookò pupa àti coyote jọra débi pé ẹni tó rí wọn lójú ọ̀sán gangan lè ṣì wọ́n mú, pàápàá èyí tí kò tíì dàgbà tán. Ní ọdún 2012, ìpínlẹ̀ náà fàyè gba pé kí àwọn ọdẹ máa fi iná wá coyote pa lóru. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìkookò. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ sì dá pípa coyote dúró ní gbogbo káúńtì márààrún tí ìkookò náà ń gbé. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n fẹnu kò pé ọ̀sán nìkan ni wọ́n lè máa pa coyote níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìpinnu ọ̀hún ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tó fi máa di ọdún 2020, àwọn ìkookò pupa tí wọ́n mọ̀ dájú nínú igbó kò tó 20, ìbọn sì wà lára ohun tó pa wọ́n.

Texas ní irú ewu yẹn tirẹ̀. Ní ìkángun gúúsù ìpínlẹ̀ náà, nítòsí igbó ìjọba tó ń jẹ́ Laguna Atascosa, ni ológbò igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní ocelot. Awọ rẹ̀ kún fún àmì tótòtó tó lẹ́wà púpọ̀, ìrù rẹ̀ sì gùn. Kò ju nǹkan bí 100 lọ tó kù nínú igbó ní gbogbo Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ sì ti ń dáàbò bò ó níbẹ̀ láti ọdún 1982. Igbe ehoro tó ń pe bobcat ń pe òun náà. Ojú rẹ̀ tàn bíi ti bobcat. Nínú awò tó ń rí ooru, àmì ara rẹ̀ kò hàn. Ìrù rẹ̀ tó gùn nìkan ló lè gbà á là, bí ẹni tó wà nídìí ìbọn bá dúró wò ó.

Òfin Texas fúnra rẹ̀ kò le lórí coyote. Kò ní àsìkò, kò ní iye, ọ̀sán àti òru ni wọ́n lè pa á lórí ilẹ̀ aládàáni bí onílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ló sì jẹ́ ti aládàáni, ìdí nìyẹn tí amọ̀nà fi ṣe pàtàkì: òun ló mọ olóko, òun ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Àmọ́ àlejò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọdẹ, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìjọba là sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti yìnbọn sí àgbọ̀nrín lóru. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni àyè rẹ̀ dópin. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti yìnbọn láti ojú títì. Awọ bobcat tó máa jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì ìjọba, torí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún 1977. Amọ̀nà tó gbọ́n tún máa ń fi tó ọlọ́pàá àgbègbè létí pé òun yóò wà nínú oko báyìí lóru òní, kí ẹni tó rí iná tó gbọ́ ìbọn má ba à rò pé olè ni.

Ṣé pípa coyote báyìí ń dín wọn kù? Ìbéèrè yìí ti fa àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn mọ́ ọdẹ nínú. Frederick Knowlton, tó ṣe ìwádìí coyote ní Texas, jábọ̀ ní ọdún 1972 pé níbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n gan-an, ọmọ tí abo kan ń bí lẹ́ẹ̀kan máa ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ pọ̀ fún àwọn tó kù, àyè sì ṣí sílẹ̀. Lọ́dún 1975, Guy Connolly àti William Longhurst ti Yunifásítì California ṣe ìṣirò pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ń pa ìdá 75 nínú 100 coyote agbègbè kan lọ́dọọdún, yóò gbà ju 50 ọdún lọ kí wọ́n tó tán níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Wildlife Services nìkan ń pa ohun tó lé ní 60,000 coyote lọ́dún ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, síbẹ̀ kò sí ìpínlẹ̀ tí coyote ti wọ̀ tí wọ́n ti lé e jáde.

Èyí kò sọ pé ohun tí olóko ń ṣe kò wúlò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Hopland, ní California, fi hàn pé takọ-tabo tó ní ìpínlẹ̀ tiwọn, pàápàá nígbà tí wọ́n ń tọ́mọ, ló ń pa àgùntàn jù. Àwọn tó ń rìn kiri kò fi bẹ́ẹ̀ dá a láṣà. Amọ̀nà tó bá lọ síbi tí àgùntàn ti kú, ní àsìkò tó ń kú, tó sì pe èyí tó ń pa á jáde, ti ṣe olóko lóore tó hàn. Ẹni tó pa coyote mẹ́wàá káàkiri ní ìgbà òtútù láìbìkítà èyí tó jẹ̀bi, eré ló ṣe. Ó lè jẹ́ eré tó bófin mu, ṣùgbọ́n kó má pè é ní iṣẹ́ ààbò.

Bí eré náà bá di ìdíje, inú ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kì í dùn sí i. Ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ìdíje wà tí ẹ̀bùn owó ńlá ń bẹ fún ẹni tó bá mú bobcat tó wúwo jù wá. California ló kọ́kọ́ fòfin de irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2014. Vermont tẹ̀ lé e ní 2018, New Mexico ní 2019, àwọn mìíràn sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdẹ gan-an ló kórìíra rẹ̀, nítorí ìyára tí ìdíje ń fẹ́ àti sùúrù tí òru ń fẹ́ kò lè gbé pọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ẹni tó bá gbé ẹranko òru dání kò gbọdọ̀ gbàgbé: àrùn dìgbòlugi. Ní ọdún 1988, irú èyí tó ń ti ara ajá ran coyote bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu ààlà Texas àti Mexico, ó sì ń rìn lọ sí àríwá. Láti ọdún 1995, ọkọ̀ òfúrufú bẹ̀rẹ̀ sí í ju oúnjẹ tí wọ́n ki oògùn àjẹsára sínú rẹ̀ sórí igbó, kí coyote jẹ ẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ọdún 2004 ni wọ́n rí irú àrùn yẹn kẹ́yìn níbẹ̀, nígbà tó sì di 2007, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé dìgbòlugi tó ń ti ara ajá ran ajá ti kúrò nílẹ̀ wọn. Oríṣi dìgbòlugi mìíràn ṣì wà lára raccoon àti àdán, nítorí náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà nínú àpò gbogbo amọ̀nà tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston àti Dallas, àwọn tí bàbá wọn tàbí bàbá bàbá wọn ti ṣọdẹ òru rí sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ń gbèrò láti bá amọ̀nà jáde lóru, kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kó kọ́ ẹ̀kọ́ tó bá yẹ kó kọ́, kó sì béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà náà pé báwo ló ṣe ń mọ ẹranko tó wà lẹ́yìn ojú tó ń tàn. Èyí tó bá sọ̀rọ̀ nípa ìrìn, etí, ìrù, gíga ara àti bí òun yóò ṣe dúró kó dá òun lójú, ẹ bá a lọ. Èyí tó bá ní ojú tó bá ti tàn ni kí ẹ yìn, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.